Ológbò Mẹ́rin Nínú Ilé Alágbàfọ̀

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi ń bá aṣọ lò: kí n tó dì í fún ẹni tó ni ín, mo gbọ́dọ̀ gbé e sí imú. Bí imú bá ṣì gbọ́ nǹkan, ọwọ́ kò tíì parí iṣẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà mi dá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun mẹ́ta padà, tó ní wọ́n ń rùn, àfi bí ẹni pé ó gbá mi létí.

"Ẹ má bínú, ìyá," ó ní. "Mo ti wọ ọ̀kan dé ẹnu iṣẹ́. Aláìsàn tó wà lórí ibùsùn ló bi mí pé ṣé mò ń sin ológbò ni."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní rárá o, alágbàfọ̀ mi ló ń sìn ín."

Mo gbé aṣọ náà sí imú. Ìtọ̀ ológbò ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo gba aṣọ náà padà, mo sì wọ yàrá ìlọṣọ lọ láti wá ibi tó ti wá. Kò ṣòro láti rí. Ibi tí mo máa ń fi aṣọ kọ́ sí sún mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Omi kan ti ṣàn wálẹ̀ lára ilẹ̀kùn náà láti ìwọ̀n orúnkún, ó ti gbẹ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ lásán, ilẹ̀ ni yóò tọ̀ sí. Ẹni tó fín èyí fẹ́ kí a rí i.

N kì í sin ohun tí kò níṣẹ́. Eku ló mú mi sin ológbò, torí eku kan ṣoṣo lè sọ aṣọ olówó di àkísà láàárín wákàtí kan. Mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀gá ni akọ, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, ó pé ọdún méje. Òun ló ń tẹ̀lé mi láti ìdí ọpọ́n dé ìdí áyọ́ọ̀nù, tó ń jókòó sí ẹsẹ̀ mi títí n ó fi ṣíwọ́. Onítìróò àti Pẹ́pẹ́yẹ ni abo, ọmọ ìyá kan náà. Onítìróò, nítorí ojú rẹ̀ tó dà bí èyí tí wọ́n lé tìróò sí. Pẹ́pẹ́yẹ, nítorí bó ṣe ń rìn. Àwọn abo méjèèjì ni mo jẹ́ kí dókítà ẹran ṣiṣẹ́ abẹ fún, kí ọmọ má baà kún ilé. Dókítà ní kí n jẹ́ kí òun tẹ Ọ̀gá náà lọ́dàá. Mo ní ìfiṣòfò ni, Ọ̀gá kò lè bímọ sínú ilé mi.

Oṣù méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí ni ìyá ọkọ mi kó wá bá wa gbé. Orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́, ilé tiwa kò sì ní àtẹ̀gùn kankan. Wọ́n mú àpótí aṣọ kan wá, àga kan, àti ológbò kan. Ìkejì ni wọ́n ń pè é. Dúdú àti funfun ni, akọ ni, etí kan rẹ̀ ti ya. Láti ọjọ́ tó ti dé ni Ọ̀gá kì í ti í fún un lọ́nà.

Nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí aṣọ nọ́ọ̀sì padà wá, mo la ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé," mo ní. "Ológbò tó ń tọ̀ sí ilẹ̀kùn mi, bó bá tún ṣe é, ó ń lọ sí ilé ìkẹ́rùsí oníyẹ̀fun. Oníyẹ̀fun náà ń wá ológbò tí yóò máa pa eku fún un."

N kò dárúkọ. Gbogbo wa la mọ ológbò tí mò ń bá wí.

"Ìyàwó," ni ìyá ọkọ mi wí, "ṣé o rí i nígbà tó ń tọ̀ ọ́?"

"N kò rí i, Màmá. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ilé yìí kì í rùn."

"Èmi náà ò tíì dé nígbà náà."

Ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, tó lè fi ojú lásán mọ pákó tó wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú àwo rẹ̀ bí ẹni pé àwo náà ló wọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo fọ ilẹ̀kùn náà. Amóníà ni mo fi fọ̀ ọ́, omi olóòórùn líle tí àwa alágbàfọ̀ máa ń fi bá òógùn abíyá jà lára aṣọ funfun. Mo fọ̀ ọ́ títí omi fi jáde lójú mi. Nígbà tó di ọ̀sán, ìtọ̀ mìíràn ti wà níbẹ̀, ní ojú ibi kan náà. Mo tún fọ̀ ọ́, mo fi kún amóníà. Lọ́jọ́ kẹta ibẹ̀ di ojú méjì, ilẹ̀kùn àti ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí mo ṣe ń fọ̀ ni ó ń pọ̀. Ní ọjọ́ Túsìdeè mo sọ fún ọkọ mi pé kó gbé Ìkejì lọ fún oníyẹ̀fun ní Sátidé.

Láti àárọ̀ Wẹ́sìdeè, ìyá ọkọ mi mú Ìkejì wọ yàrá wọn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Oúnjẹ ológbò ń wọlé, àpótí iyanrìn tó ń ṣu sí wà nínú lọ́hùn-ún, àwọn fúnra wọn kì í jáde ju ìgbà tí ó bá di dandan. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí ohun kan kà sí i lọ́rùn kí Sátidé tó dé. Mo ṣì ń fọ ilẹ̀kùn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́; òórùn tó bá kù níbẹ̀, mo kà á sí ìyókù ti tẹ́lẹ̀.

Ní Tọ́sìdeè, ọkọ mi wá bá mi nídìí ọpọ́n.

"Màmá ti di ẹrù wọn," ó ní.

"Ibo ni wọ́n ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

Òkè pátápátá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún ni. Mo ti kà á rí, nígbà tí mo ru aṣọ fífọ̀ gùn ún.

"Báwo ni wọ́n á ṣe máa gùn ún?"

"Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni. Tí àwọn bá ti dókè, àwọn ò tún sọ̀kalẹ̀ mọ́."

"Ẹ ò bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Mo bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn àti ológbò àwọn jọ wọlé ni, àwọn ó jọ jáde ni." Ó gbọn eruku pákó kúrò lápá. "Ìwọ náà ò ṣe bá wọn sọ ọ́?"

Mo ní mo ti sọ tèmi. Ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Ní àárọ̀ Fúráídeè, mò ń lọ aṣọ ibùsùn. Ọ̀gá wà lẹ́sẹ̀ mi. Fèrèsé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rẹlẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì mọ́ gaara, nítorí èmi ni mo ń nù ún. Ológbò pupa kan tí n kò mọ̀ rí jókòó sórí ògiri ìta, ó ń yọjú wo inú ilé. Ọ̀gá dìde. Ó wo ológbò náà títí. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó gbóòórùn ibi tí mo ti fọ̀ ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn, ó kẹ̀yìn sí i, ó na ìrù sókè, ìrù náà ń gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́, ó sì fín ìtọ̀ sára ilẹ̀kùn bí ọlọ́dà tó ń fín ọ̀dà. Nígbà tó parí, ó padà wá jókòó sí ẹsẹ̀ mi.

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Ọkọ mi wà lẹ́nu ayùn, mò ń gbọ́ ìró ayùn náà. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì pẹ̀lú ológbò tí mo ti dá lẹ́bi.

Mò ń bá iṣẹ́ lọ. Mo rò ó pé ọ̀la ni Sátidé. Bí Ìkejì bá lọ, n ó rọra mú Ọ̀gá lọ sọ́dọ̀ dókítà, n ó sì pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tí kò ní gbà kí n la ẹnu rárá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ aṣọ, àtẹ̀gùn ni mò ń kà. Nígbà tí mo ká aṣọ kejì tán, mo yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, mo sì lọ kan ilẹ̀kùn yàrá wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Òní kọ́ ni Sátidé."

"Mo mọ̀, Màmá. Ọ̀gá ni."

"Ọ̀gá wo?"

"Ológbò mi. Òun ló ń tọ̀ síbẹ̀. Mo fi ojú mi rí i nísinsìnyí."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tó yí. Wọ́n padà jókòó sórí àga wọn, Ìkejì wà lórí ẹsẹ̀ wọn, ó ń sùn. Àpótí aṣọ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, okùn ti wà lára rẹ̀.

"Ta ló tún rí i?" wọ́n bi mí.

"Èmi nìkan ni."

Wọ́n wò mí. "O ò bá dákẹ́."

"Mo rò ó."

"Ó pẹ́ tó o fi rò ó?"

"Aṣọ ibùsùn méjì."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín débi pé Ìkejì jí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n foríjì mí, mo dá ẹjọ́ láìrí ẹ̀rí, mo sì fi ẹnu mi lé àgbà kúrò nílé. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Mo dìde, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wá apẹ̀rẹ̀ tí n ó fi gbé Ọ̀gá lọ fún oníyẹ̀fun.

"Ta ló rán ọ?"

"Mo ti sọ̀rọ̀, Màmá. N kì í yí ọ̀rọ̀ mi padà."

"Ìgbà tó o rò pé tèmi ni lo sọ̀rọ̀ yẹn. Ológbò tó ti ń tẹ̀lé ọ láti ọdún méje, tó ṣàdédé ń tọ̀ sílé, oníyẹ̀fun ló máa bá ọ wá ìdí rẹ̀? Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bá mi na bàtà mi yẹn, a jọ ń lọ ni."

Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni dókítà ẹran. Ó yẹ Ọ̀gá wò láti orí dé ìrù, ó ní kò ṣàìsàn.

"Mo ní kí n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá nígbà kan," ó ní.

"Ẹ sọ ọ́."

"Ẹ ní ìfiṣòfò ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe pé ó ń bá yín jà. Ó ń sọ pé ilé òun nìyí. Akọ tuntun wọlé, òmíràn ń yọjú lójú fèrèsé. Ó gbọ́dọ̀ fèsì. Kí lẹ fi ń fọ ibẹ̀?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ìwọ̀n amóníà náà àti bí mo ṣe ń pò ó, nítorí iṣẹ́ mi ni, mo sì mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́."

Dókítà gbé kálàmù sílẹ̀. "Òórùn amóníà yẹn wà nínú ìtọ̀. Ní imú ológbò, ẹnì kan ń wá tọ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn yín láàárọ̀, ó tún ń padà wá nírọ̀lẹ́."

Ìyá ọkọ mi yíjú sí mi. "Ìyàwó mi," wọ́n ní, "ìwọ gan-an ni ológbò karùn-ún."

Mo bi dókítà pé ọjọ́ wo ni kí n gbé Ọ̀gá wá fún iṣẹ́ abẹ.

Wọ́n tẹ Ọ̀gá lọ́dàá ní Mọ́ńdè. Dókítà fún mi ní oògùn ìfọ̀ tó ń jẹ òórùn náà run, ó ní n kò gbọ́dọ̀ fi amóníà kan ibẹ̀ mọ́. Ó ní kí n máa gbé oúnjẹ Ọ̀gá sí ojú ibi tó máa ń fín ìtọ̀ sí, torí ológbò kì í fẹ́ tọ̀ sí ibi tó ti ń jẹun. Ó ní kí àpótí iyanrìn fi ẹyọ kan ju iye ológbò lọ, kí a sì fọ́n wọn káàkiri ilé, kí ọ̀kan má baà dúró lójú ọ̀nà kó dènà fún èkejì.

Ọkọ mi kan àpótí náà. "Ológbò mẹ́rin, ilé ìgbẹ́ márùn-ún," ó ní. "Àwa mẹ́ta, ẹyọ kan là ń pín." Ó tò wọ́n sí ẹ̀yìn ilé ní ìlà kan gbọọrọ, bí àga ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ jáde wá, wọ́n wo ìlà náà, wọ́n ní kó tú u ká. Àwọn ló yan ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Èmi lẹ bébà mọ́ ìsàlẹ̀ fèrèsé kí ológbò pupa má baà rí inú ilé.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì. Mo sọ fún un pé ológbò mi ló ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, àti pé n kò ní gba aṣọ funfun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó ní aṣọ ta ni òun yóò máa wọ̀ kó tó dìgbà náà. Mo fi alágbàfọ̀ mìíràn hàn án. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mímọ́ rẹ̀ kò dá mi lójú kì í ṣe iṣẹ́ tí mo lè gbà.

Kò tán lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ojú mẹ́rin ni mo fọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, méjì. Ìkẹta, ẹyọ kan, ó kéré. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo gbé imú káàkiri yàrá náà ní ọjọ́ méje, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá àti Ìkejì kò di ọ̀rẹ́. Wọ́n ń kọjá lára ara wọn bí ayálégbé tó ti bára wọn jà rí nítorí omi ẹ̀rọ.

Ọkọ mi kò rán ẹnikẹ́ni létí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi náà kò béèrè. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìyá ọkọ mi wọ yàrá ìlọṣọ wá, wọ́n gbé ìró kan lé apá.

"Ta ló lọ èyí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Etí ẹ̀ ò gún. Gbogbo èyí tó o ti ń lọ̀ fún mi látọjọ́ yìí, kò sí ìkankan tí etí ẹ̀ gún. N ò sọ ọ́ ni, torí mo rò pé n ò ní pẹ́ níbí."

Mo gba ìró náà lọ́wọ́ wọn, mo wọ́n omi sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n fọwọ́ ti tábìlì nítorí orúnkún.

"Ó kù díẹ̀ lápá òsì," wọ́n ní.

Mo tún apá òsì lọ̀.