Àkísà Ara Irin Àtẹ̀gùn

Aránṣọ ni mí, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ìyá Tíṣà ni wọ́n ń pè mí, torí èmi ni mò ń kọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa ṣiṣẹ́ fún àdúgbò. Ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì ni ẹ̀kọ́ náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sójú bọ́ọ̀dù: Ẹ BÈÈRÈ KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Mo ní kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Mekáníìkì tó wà láàárín wọn ní ìyàwó òun ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu òun lójú oorun. Mo ní kó tún un kà. Mi ò kì í gba ìgbàkugbà.

Ta ló wá kọ́kọ́ rú òfin náà? Èmi tí mo kọ ọ́ ni.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, a lọ tún àtẹ̀gùn gbọọrọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, èyí tí àwọn ará òkè ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sí títì. Ipele mọ́kànlélógójì ló ní. Irin tí èèyàn ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n sì so àkísà mọ́ ọn níbí lọ́hùn-ún. Akọrin, ọmọbìnrin kan nínú àwọn mẹ́sàn-án náà tí ohùn rẹ̀ máa ń jí àwọn tó bá ń tòògbé nínú ìsìn, di ọ̀kan mú.

"Ìyá Tíṣà, ta ló so ìwọ̀nyí? Ṣé ká bèèrè?"

"Bèèrè kí ni? Àkísà lásánlàsàn! Já wọn dànù, jàre."

Mo fẹ́ kí irin náà máa dán kí Pásítọ̀ tó dé. A já wọn, a fọ irin, a kùn ún lọ́dà funfun, a ya fọ́tò. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọkọ̀ akólẹ̀ kó àkísà lọ.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Bàbá Oníbàtà, tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò tiẹ̀ kí mi.

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí Màmá Òkè ò tíì sọ̀ kalẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ já ojú rẹ̀ dànù."

Ó wá là á yé mi. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí Màmá Òkè ò ti ríran. Láràárọ̀ ló ń dá sọ̀ kalẹ̀ wá ra búrẹ́dì, á sì jókòó ti Bàbá Oníbàtà gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, kí àwọn méjèèjì jọ máa bá ẹni tó ń kà á jiyàn. Àwọn àkísà yẹn ló fi ń mọ ibi tó dé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń wa tírélà, ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun nílùú mìíràn. Èsì tí Màmá fún un ni pé, "Ọjọ́ tí mi ò bá lè dá sọ̀ kalẹ̀ mọ́, màá bá ọ lọ." Ọmọ náà ń bọ̀ ní Sátidé, aago mẹ́rin.

Ojú tì mí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo pe àwọn ènìyàn mi jọ, a gun òkè lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú màmá náà.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹni méjì á máa wá fà yín lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́."

"Ẹ já ohun tí mo fi ń rìn, ẹ tún fẹ́ máa fà mí kiri bí ewúrẹ́? Ta ló bẹ̀ yín?"

Akọrin fọwọ́ tọ́ mi léjìká. "Ìyá Tíṣà," ló rọra wí, "bọ́ọ̀dù."

Mo kọjú sí Màmá padà. "Màmá, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

"Ẹ lọ kó aṣọ wá, oríṣiríṣi. Kẹ́ ẹ wá di ojú ara yín."

Mo kó gbogbo àjákù aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi wá. Màmá jókòó sórí ipele àkọ́kọ́ lókè, ó ń fi ìka wò wọ́n, ó sì kọ ìdajì. "Èyí yọ̀ jù. Tọ̀hún á gan bí òjò bá pa á." Tọ́wẹ̀ẹ̀lì ló mú fún ibi tí àtẹ̀gùn ti yà. Jíǹsì tó ní ká ta ní kókó méjì ló mú fún ipele kejìdínlógún, tó ti fọ́ lẹ́nu. Nígbà tí a so wọ́n mọ́ irin tán, ó ní ká máa di ojú sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mekáníìkì tó ń fọ́nnu fìdí jókòó sórí ipele karùn-ún, ó ní òun ò lọ mọ́. Èmi tí mo ti ń fọwọ́ pa aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò mọ tọ́wẹ̀ẹ̀lì yàtọ̀ sí jíǹsì. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òun fúnra rẹ̀ gbìyànjú ní Fúráìdeè, ipele kẹwàá ló ti padà. Ó ní ọwọ́ òun ò tíì mọ ọ̀nà. A tún àwọn kan so. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mo pinnu pé bó bá gbà ká so wọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá sí i, a máa so wọ́n.

Nígbà tí aago mẹ́rin fi máa lù ní Sátidé, ọmọ rẹ̀ ti gbé báàgì ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ó sì dúró tì í nísàlẹ̀. Àwa tò sára ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, a káwọ́ sẹ́yìn bí Màmá ṣe pàṣẹ. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá ìkarùn-ún, ó kọjá ìkẹwàá. Lórí ìkẹtàdínlógún, ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan lára irin, kò rí i. Ọmọ rẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Ọwọ́ tèmi náà ti kúrò lẹ́yìn mi. Mo fi tipátipá dá a padà.

"Màmá," mo wí, "kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

"Ẹ dákẹ́. Mò ń ronú."

A ò kúrò lára ògiri. Ọmọ rẹ̀ náà dúró síbi tó wà. Ọwọ́ Màmá tún sún síwájú díẹ̀, ó kan jíǹsì, ó ka kókó rẹ̀: ọ̀kan, èjì. Ó na ẹsẹ̀ kọjá ibi tó fọ́. Mi ò ní purọ́, mo sunkún.

Nígbà tó dé ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ lu báàgì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ wò ó.

"Báàgì mi rèé. Gbé e padà sókè, ọkọ mi," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Lọ́jọ́ mìíràn, máa bi mí kó o tó gbé e."

Ọmọ náà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó gbé báàgì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, Màmá sì ní kí Bàbá Oníbàtà gbé ohùn rédíò sókè díẹ̀.