Ààrò Tí Kò Rú Èéfín Lọ́dún Òjò

Bí ẹ bá bi Rótìmí léèrè ohun tó fà á, yóò ní òjò ni. Bí ẹ bá bi ọkọ mi, yóò ní kòkòrò ni. Èmi Ìyá Débọ́lá ni mo mọ bó ṣe rí, n ó sì rò ó bó ṣe rí, nítorí n kò ní ohun tí mo tún fẹ́ fi pamọ́ mọ́.

Àtọ́kẹ́ ni ìyáálé mi. Ọkọ rẹ̀, Ọ̀jẹ̀ládé, tó ti di olóògbé, ni ẹ̀gbọ́n Ìyápọ̀ ọkọ mi. Agbo ilé kan náà la jọ ń gbé ní Tẹ̀dé, ilé ìdáná rẹ̀ sì kọjú sí tèmi. Nínú ilé ìdáná yẹn, lókè ààrò gan-an, ni irúgbìn ọkà bàbà ìdílé wa máa ń wà. Bí a bá ti kórè nígbà ọyẹ́, Àtọ́kẹ́ á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ogójì ṣírí tó yọmọ jù, á dì wọ́n ní ìdì mẹ́rin, á so wọ́n kọ́ sábẹ́ àjà kí èéfín lè máa rú sí wọn títí di oṣù kẹfà tí a óò gbìn. Nígbà náà, a ti jẹ ìyókù tán. Èéfín á ti sọ ogójì yẹn di dúdú, kòkòrò kò sì ní sún mọ́ wọn.

Bàbà pupa ni, kì í pẹ́ lóko. Kí tàwọn ẹlòmíràn tó gbó, tiwa á ti wọlé, ká tó máa wojú màlúù tó ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ìlú ló ń tọrọ irúgbìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí gbà. Òfin tí Ọ̀jẹ̀ládé bá nílẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ sùn lókè ààrò mìíràn. Ọjọ́ tó bá jáde, oore rẹ̀ á bá a jáde. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ nínú rẹ̀, lílọ̀ ni a máa ń lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun kí a tó bù ú fún un. Ọ̀jẹ̀ládé wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn tó pa á nígbà tó fi irúgbìn náà lé Àtọ́kẹ́ lọ́wọ́. Kò fi ilẹ̀ lé e lọ́wọ́, kò fi ilé lé e lọ́wọ́, ìyẹn nìkan ni.

Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá, ojú Àtọ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Rótìmí, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wá gbé e lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Dókítà ní èéfín kò gbọdọ̀ kàn án fún oṣù mẹ́fà. Rótìmí gbọ́ ju bí dókítà ṣe sọ ọ́ lọ. Ó ra gáàsì, ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ìdáná kékeré kan, ó ti ilé ìdáná àtijọ́ pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ìyá òun débẹ̀. Ọmọ rere ni, n kò ní tìtorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ pé kì í ṣe ọmọ rere.

Ó lọ tán ni Àtọ́kẹ́ pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní kí n máa bá òun dá iná tútù, oníèéfín, sábẹ́ irúgbìn ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi kì í wúwo bó bá di ká ṣèlérí.

Òjò ọdún yìí kò jẹ́ ká gbádùn. Àwọn ikán oníyẹ̀ẹ́ tí à ń pè ní èsúnsún ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n bo gílóòbù ẹnu ọ̀nà, ìyẹ́ wọn ni mo sì ń gbá láràárọ̀. Lẹ́yìn náà ni omi wọ ihò eku lóko, gbogbo wọn bá rọ́ wọ̀lú. Wọ́n ní òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Tiwa, òjò ló kó eku oko pọ̀ mọ́ èkúté ilé, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí fìlà Ìyápọ̀, wọ́n jẹ etí rẹ̀ méjèèjì. Aáyán gba abẹ́ gáàsì tuntun Rótìmí. Ìyápọ̀ ra ọ̀tápíàpíà, ó fọ́n ọn kárí ilé. Àwa èèyàn la sá jáde, àwọn aáyán dúró.

Mo dá iná yẹn, ẹ má sọ pé n kò dá a. Mo dá a títí dé ìparí oṣù kẹrin. Ọjọ́ kan ni mo tọwọ́ bọ abẹ́ ìtì igi, mò ń wá èyí tó gbẹ, àkeekèé ta mí. Òjò lé òun náà wọlé, ibi tó gbẹ lòun náà ń wá. Apá mi wú, ibà gbé mi ṣánlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, Ìyápọ̀ sì ń bi mí bóyá mo kí i kí n tó fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà, n kò tọwọ́ bọ ìdí igi mọ́. Mo ní bí òjò bá dá, n ó dáná. Òjò kò dá. Bí Àtọ́kẹ́ bá bi mí, mo ní mo ti dá a. Irọ́ ni mo ń pa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà, ilẹ̀ tó gbìn. Àtọ́kẹ́ ní ojú òun ti san, kí n ṣílẹ̀kùn. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn ọ̀rinrin ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ikán ti mọ ọ̀nà lára ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó gba ara igi àjà wọ inú ìdì méjì. Ìdì méjì yòókù ṣì so rọ̀, wọ́n dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Àtọ́kẹ́ já ṣírí kan, ó fọwọ́ ra á, lẹ́búlẹ́bú funfun ló dà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán, èèpo nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó yọ gbogbo hóró wọn lára ṣírí, ó da àwọn tó dà bí odindi sínú abọ́ omi. Gbogbo wọn léfòó, kò sí èyí tó lè hù.

Ó bi mí pé, "Ọjọ́ wo lo dáná kẹ́yìn?"

Mo ní ọjọ́ tí àkeekèé ta mí ni. Ó ka ọjọ́ lórí ìka, kò kà á parí, ó dá a dúró.

Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Ó jókòó síwájú ààrò títí di àṣálẹ́, kò jẹun. Rótìmí pè, ó ní òun á fi irúgbìn tuntun ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, pé ó ń so ju ti àtijọ́ lọ. Ìyá rẹ̀ ní kó ṣeun. Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ ló sọ fún mi pé, "Ohun kan ṣoṣo ni Ọ̀jẹ̀ládé fi lé mi lọ́wọ́, mo sì ti pa á." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, nítorí mo mọ ibi tí bàbà yẹn ṣì wà láyé.

Ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, tí mo lóyún, ọ̀dá pa gbogbo bàbà bàbá mi ní Komu. Mo bẹ Àtọ́kẹ́ fún ṣírí kan péré. Ó ní òfin ni. Mo dúró kó lọ sódò, mo já ṣírí kan, mo fi ìró bò ó, mo gbé e lọ sílé bàbá mi. Èmi kò mọ̀ pé ó máa ń kà wọ́n. Ó kà wọ́n, ó bá mọ́kàndínlógójì.

Misturat, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àtọ́kẹ́ láti Ṣakí, ló ń bá a gbé nígbà náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, òun ló ń wọlé jáde nínú ilé ìdáná. Ọmọ náà ní òun kọ́, wọ́n nà án, ó ní òun kọ́. Àtọ́kẹ́ dá a padà fún ìyá rẹ̀, ó ní olè tó lè ta orí ìdílé ni. Èmi ni mo di ẹrù rẹ̀, èmi ni mo gbé e rù ú. Mo ní kó má sunkún, pé Ọlọ́run á fi ẹni tó jí i hàn. Mo ti sọ fún yín pé ẹnu mi kì í wúwo.

Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Ní ọjọ́ kẹta mo gun ọ̀kadà lọ sí Komu. Àbúrò mi Ìdòwú mú mi wọ ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀, ogun ṣírí ló so rọ̀ síbẹ̀ nínú èéfín, wọ́n dúdú, wọ́n le. Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Komu ló ń gbìn ín, bàbà ìyàwó Tẹ̀dé ni wọ́n ń pè é. Òfin tiwa kò dé Komu, bàbà náà kò sì mọ̀, ó ń so ní tiẹ̀. Ìdòwú fún mi ní mẹ́wàá.

Bí mo ṣe ń bọ̀ lọ́nà ni mo ń to irọ́ pọ̀. Mo fẹ́ sọ pé ọjà ni mo ti rí i rà. Ṣùgbọ́n irọ́ tó bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, tèmi tilẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n. Mo délé, mo kó wọn fún Àtọ́kẹ́. Ó fọwọ́ ra hóró kan, ó fi eyín pa á, ojú rẹ̀ là. Inú rẹ̀ dùn fún ìṣẹ́jú kan, mo rí i. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ta ló gbé e dé Komu.

Mo ní, "Èmi ni. Lọ́dún tí ẹ lé Misturat."

Ó ṣa ṣírí tó tóbi jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi dì í, ó gbé e fún mi.

"Gbé e lọ fún un ní Ṣakí. Sọ ohun tó o sọ fún mi. Kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, a ò ní gbin hóró kan."

Àkókò ìgbìn ti ń lọ, ilẹ̀ kò dúró de ẹnì kankan. Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Misturat ti ní ṣọ́ọ̀bù, ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò ló ń tà. Ó dá mi mọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi síta, ó fún mi lómi tútù. Mo gbé gèlè náà lé e lọ́wọ́, mo sì sọ ọ́. N kò fi ọ̀dá kún un, n kò fi oyún kún un. Mo ní èmi ni mo jí i.

Ó tú gèlè, ó wo ṣírí náà pẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé ẹrù rù mí lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní èmi ni.

"Títí ìyá mi fi kú, wọ́n ṣì gbà pé èmi ni."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó dìde, ó gbé ṣírí náà mọ́ àyà wọ inú ṣọ́ọ̀bù kí ó má baà tutù. Ó gba nọ́ńbà Àtọ́kẹ́ lẹ́nu mi láti ibẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún un lórí fóònù pé ó ti dé ọwọ́ òun, kí wọ́n máa gbìn ín. Òjò ti dé wàyí. Kò ní kí n wọlé.