Oríkì tí Akínlàjà Fi Sọfà Nítorí Yàrá

Àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, èmi kọ́ ni mo lá a. Akínlàjà ni, ọkùnrin tó ń tún aago ṣe, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nílé wa ní Òkè-Àdó. Kì í tilẹ̀ ṣe àlá òru. Ọ̀sán gangan ni oorun gbé e lọ níbi tó ti ń fọ ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó jí, ó jáde wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó rọ́ ọ fún wa láìrẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń sọ ohun tó rí lójú títì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Akínlàjà fẹ́ kó kúrò nílé wa. Ó ti rí yàrá tuntun, ìyá rẹ̀ sì ń bọ̀ láti Ìgbẹ́tì lọ́jọ́ Àìkú láti wá wúre fún un níbẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì yàrá tuntun náà ní kó san kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí ayálégbé ń fi sílẹ̀ nítorí bóyá ó lè ba ilé jẹ́, tí wọ́n á dá padà fún un lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Bí kò bá wá lágbára kọ́ṣọ̀n, ọ̀nà mìíràn wà: kó san owó kékeré kan fún iléeṣẹ́ kan tí yóò ṣe onídùúró fún un. Owó kékeré yẹn kò ní padà o. Bó bá sì ba nǹkan jẹ́, òun náà ni yóò tún un ṣe.

"Kí wá ni iṣẹ́ onídùúró?" ni mo bi í.

Ó ní òun náà ń rò ó. Inú ìrònú yẹn ló ti sùn lọ.

Nínú àlá náà, ẹ́jẹ́ǹtì gba ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri wọlé. Akínlàjà ní òun kò bi í léèrè, nítorí òun rò pé bóyá ilẹ̀kùn ló ń há. Ẹ́jẹ́ǹtì gbọn iná kúrò léjìká rẹ̀, ó jókòó sórí garawa.

"Ẹ ò ní san kọ́ṣọ̀n kankan," ni ó wí. "Ẹ kàn fi nǹkan dógò."

"Kí ni kí n fi dógò?"

Ẹ́jẹ́ǹtì wo bàtà rẹ̀, ó ní ó ti jẹ ní gìgísẹ̀. Ó wo fáànù, fáànù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo aago mẹ́tàdínlógún tó wà lórí tábìlì, gbogbo wọn fọhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn kì í ṣe tirẹ̀, oníbàárà ló ni àwọn.

"Ó dáa," ni ẹ́jẹ́ǹtì wí. "Kí ni oríkì yín, èyí tí ìyá yín fi ń kì yín?"

Akínlàjà sọ ọ́ fún un. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Orúkọ tó wà lára sátífíkéètì, gbogbo ayé ló ni ín. Ṣùgbọ́n oríkì, ẹni tó bíni ló ń lò ó. Òun ni wọ́n fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún, òun ni wọ́n fi ń pàrọwà fún wa nígbà tí inú bá ń bí wa, ara rẹ̀ sì ni ìre òbí ń gbà kó tó débi orí ọmọ. Akínlàjà rò pé ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni, ó bá yọ ọ́ fún àlejò. Ẹ́jẹ́ǹtì kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, ó ká a, ó kì í bọ àpò àyà. Ẹnu Akínlàjà ṣófo bí ibi tí wọ́n ti yọ eyín, kọ́kọ́rọ́ yàrá sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Nígbà tó ń rọ́ ọ fún wa, ibi tó yẹ kó ti dárúkọ oríkì náà, ó fò ó. Mo ní kó padà sẹ́yìn díẹ̀, pé mi ò gbọ́ ibẹ̀ dáadáa. Ó ní kí n gbájú mọ́ ẹ̀wà mi.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá láàárín ìgbà tó fi mu omi ife kan. Bó ṣe ń gbé ife kalẹ̀, ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Akínlàjà dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ìyá lanu, nǹkan kan kò jáde. Ó tún un là. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ dìde o."

Akínlàjà ní nínú gbogbo àlá yẹn, ibẹ̀ ló dun òun jù. Ìyá tó gbé e pọ̀n, tó fi ẹnu fa ikun imú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, òun ló ń kí i bí ẹni ń kí ọ̀gá báǹkì. Ó ní òun sunkún níbi tí òun dọ̀bálẹ̀ sí, kò sì tijú láti sọ ọ́ lójú wa.

"Màámi, èmi ni."

"Mo rí i pé ẹ jọ ẹnì kan," ni ìyá wí. "Lọ́jọ́ Àìkú ni mo fẹ́ wá wúre fún yín, àmọ́ mi ò mọ ohun tí màá fi kì yín. Àdúrà ò ṣeé dà sílẹ̀ lásán. Ẹ wá ohun náà lọ kí n tó dé."

"Ẹ ti dé, mà."

"Mi ò tíì dé," ni ìyá wí. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì rù, ó ń padà lọ sí Ìgbẹ́tì kó lè rí ibi tí yóò ti máa bọ̀.

Akínlàjà múra, ó lọ sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe onídùúró. Ojú òfuurufú ni ọ́fíìsì náà wà, lókè Mọ́kọ́lá. Okùn ìsáṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó iná kó má baà fò lọ sí Abẹ́òkúta. Ó bi ẹ̀ṣọ́ tó dúró nídìí òpó pé kí ló dé tí wọn kò kọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ní àwọn náà kò rí kọ́ṣọ̀n san fún ẹni tó ni ilẹ̀. Akínlàjà ní ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú òun. Ó di okùn mú, ó ń gùn ún lọ, ó ń ya ṣòkòtò àwọn akọ̀wé tí wọ́n sá sára rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

Bó ṣe wọlé, ẹni tó kọ́kọ́ rí ni oríkì rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó dé fìlà, ojú rẹ̀ sì jọ ti gbogbo ìdílé wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

"O mà pẹ́," ni oríkì wí.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Ìwọ̀fà ni mí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kì í dín gbèsè kù. Èlé ni."

"Gbèsè wo? Mo san owó ilé mi pé."

"Kò sí gbèsè kankan," ni oríkì dáhùn. "Ohun tó jẹ́ kó ṣòro ó san nìyẹn."

Akínlàjà ní ó yé òun.

Màníjà, obìnrin kan tó gbé gíláàsì sí imú, ní kó jókòó. Ó ní kò sí wàhálà, ẹni tó bá ń kó jáde yóò gba ohun tó fi dógò, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ yàrá wò ná. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, yàrá Akínlàjà ló wà nínú rẹ̀ látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú garawa. Ó wá ní kí àwọn nǹkan inú yàrá sọ tẹnu wọn.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ni fáànù wí, "kò fọ ẹ̀yìn mi rí."

Akínlàjà ní òótọ́ ni.

Fèrèsé ní bí Akínlàjà ṣe máa ń gba ara òun wo ọ̀nà títí, ó ti gbàgbé ojú rẹ̀ kan síbẹ̀, kò sì ṣeé fọ̀ kúrò. Màníjà kọ ọ́ sílẹ̀: ìfọjú kúrò lára gíláàsì. Àbààwọ́n omi tó wà lára àjà wá nàró. "Èmi ti wà ńbẹ̀ kó tó kó wọlé o," ni àbààwọ́n wí. "Ọmọ òrùlé tí lánlọ́ọ̀dù kọ̀ láti tún ṣe ni mí." Wọ́n ní kó jókòó, ẹnikẹ́ni kò pè é.

"Mo ti fọ ilé náà, mà," ni Akínlàjà wí. "Mo fọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro mí."

"Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn," ni màníjà wí. Ó yọ fọ́tò kan jáde. "Ẹ wò ó. Nígbà tí a gbé yàrá yìí fún yín, ó dọ̀tí. Ìdọ̀tí wa dà?"

"Mo gbá a dànù."

"Ẹ gbá ẹrù onílé dànù." Màníjà mi orí tàánútàánú. "Ẹ ó san ìfọlé, torí kò sẹ́ni tó ń kó jáde tí kì í san ìfọlé. Ẹ ó sì san ti ìdọ̀tí tó sọnù. Oríkì yín ni yóò bá yín san án. Kó máa gbálẹ̀ ọ̀hún lọ fún ọdún mẹ́sàn-án mìíràn."

"Ìyá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

"Kí wọ́n máa pè yín ní sà. Ṣé sà ò dùn ún gbọ́ ni?"

Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀. Ìwo tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni etí ṣubú sísàlẹ̀, màníjà sì di ewúrẹ́ tó gbé gíláàsì sí imú. Akínlàjà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà," torí ó rò pé iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó wẹ̀yìn, gbogbo akọ̀wé ti di ewúrẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì. Wọn kò jẹ ẹ́ jákujàku o. Bí wọ́n ṣe tò ó ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, oníwèé A ṣáájú oníwèé B, torí òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Akínlàjà kí wọn pé wọ́n kú oúnjẹ.

Àfi bó ṣe rí ìwé pélébé tirẹ̀ lẹ́nu màníjà. Ó fò mọ́ ọn. Ó di etí ìwé náà kan mú, ewúrẹ́ di èkejì mú, wọ́n ń fà á káàkiri ọ́fíìsì, gbogbo ilé ń mì lórí okùn. Ewúrẹ́ lágbára ju bó ṣe rò lọ. Ó já a gbà, ó gbé e mì, ó sì fi ahọ́n nu imú.

Akínlàjà jókòó sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ó ti parí. Oríkì rẹ̀ dúró ti ìgbálẹ̀, ó ń wò ó.

"Jẹ́ ká máa lọ," ni Akínlàjà wí.

"Ìwọ̀fà kì í tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Pè mí, màá tẹ̀ lé ọ."

"Mo ti gbàgbé rẹ."

"Mo mọ̀," ni oríkì wí.

Ìgbà yẹn ni màníjà ké. Ohun tí ewúrẹ́ ń ké kọ́ ló jáde. Oríkì Akínlàjà ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ó dún ketekete. Ojú ti màníjà, ó fi pátákò bo ẹnu, ó sé e mọ́nú, ó tún bú jáde. Àwọn akọ̀wé rò pé àṣẹ ni, ni gbogbo wọn bá ń ké e tẹ̀ lé e.

Ohùn kan dáhùn láti ìdí òpó iná. Ìyá rẹ̀ ló ti dé láti Ìgbẹ́tì, bẹ́ẹ̀dì ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ta ló ń pe ọmọ mi bí ẹní ń pe ẹran?" ni ìyá wí. "Bí wọ́n ṣe ń pè é kọ́ nìyẹn."

Ó sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀. Ó gba oríkì náà lẹ́nu ewúrẹ́, ó sì kì í bó ṣe yẹ kó kì í. Oríkì ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó rìn wọnú àyà Akínlàjà láìkan ilẹ̀kùn. Bí kò ṣe sí ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ́, eruku bẹ̀rẹ̀ sí í kún ọ́fíìsì, ọ́fíìsì wúwo, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ewúrẹ́ inú rẹ̀ títí ó fi gúnlẹ̀ sí Mọ́kọ́lá.

Fóònù tó wà lábẹ́ itan rẹ̀ ló jí i. Ìyá rẹ̀ ni.

"Kí ló dé tí o ò gbé e?" ni ìyá wí. "Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí mo ti ń pè ọ́. Ṣé o ti jẹun?"

Akínlàjà ní òun kò dáhùn ti oúnjẹ. Òun ní, "Màámi, ẹ kì mí."

"Kí n kì ọ́ kẹ̀? Ṣé ara rẹ yá?"

"Ẹ ṣáà kì mí, mà."

Ìyá sì kì í. Akínlàjà ní ibẹ̀ ni òun ti dìde.

Nígbà tí ẹ́jẹ́ǹtì dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù yàrá tuntun, Akínlàjà ní òun kò fẹ́ onídùúró kankan. Kọ́ṣọ̀n ni òun máa san, òun ti rí ẹni tó fẹ́ ra fíríìjì òun. Ẹ́jẹ́ǹtì gbé ejìká sókè, ó ń kọ fọ́ọ̀mù lọ.

"Orúkọ yín?"

"Akínlàjà Ṣówándé."

"Orúkọ mìíràn?"

"Kò sí."

"Kí ni ìyá yín ń pè yín?" Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù kọ́ nìyẹn, ó kàn ń fi ṣeré ni.

Akínlàjà ní kó máa kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ. Ẹ́jẹ́ǹtì bá kọjú sí mi, torí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹnu mi kì í bo nǹkan. Mo ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà. Mo ní Akínlàjà ni gbogbo wa ń pè é. Bẹ́ẹ̀, ògiri ilé wa fẹ́lẹ́, ìyá rẹ̀ kì í sì í rọra sọ̀rọ̀ lórí fóònù.