Ẹni Kejìlá Inú Fíìmù

Kò sí ẹgbẹ́ tó lè nà wá lọ́dún 1952. Bẹ́ẹ̀ ni Kóòṣì Brekke wí nílé ìjẹun kọ́lẹ́jì wa, ó gorí àga, ọbẹ̀ ẹja ṣì wà ní irunmú rẹ̀. Kọ́lẹ́jì wa ní Minnesota kéré débi pé ajá pásítọ̀ mọ gbogbo wa. Pásítọ̀ Tollefson fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí a bá pàdánù ìdíje ẹyọ kan péré lòun á tú ẹgbẹ́ náà ká, kí Kóòṣì padà sídìí màlúù bàbá rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tiwa, ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni. Ẹnìkan á há a mọ́ abíyá, á sá lọ, àwọn mẹ́wàá yòókù á máa fi èjìká lànà fún un. Èmi Arvid ni mo wà láàárín àwọn tó ń lànà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a na ẹgbẹ́ mẹ́fà. Àwọn géńdé ẹgbẹ́ kejì tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn àká ń ṣubú kí n tó kàn wọ́n. Mo ṣebí agbára mi ni.

Ọ̀sán Mọ́ńdè kan, a ń wo fíìmù ìdíje wa ní yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kóòṣì dá ẹ̀rọ dúró, ó kà wá nínú fíìmù. Ó tún wa kà. A pé méjìlá, dípò mọ́kànlá. Ẹni kejìlá wọ nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì, jésì Lyle Opsahl, ẹlẹgbẹ́ wa tí àgbàdo ya lù nínú àká tó sì kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó yíjú sí wa láti inú fíìmù, bí ẹni tí a pè.

"Ta ló rí i lórí pápá?" Kóòṣì bi wá.

Mo ní, "Kóòṣì, ẹnìkan ń mí sí mi létí òsì. Mo rò pé Gordy ni."

"Èmi tí eyín ń dùn lórí bẹ́ǹṣì?" Gordy ní. "Etí ẹ ló ń mí."

Ẹgbẹ́ méjì tó bá fẹ́ pàdé gbọ́dọ̀ fi fíìmù ránṣẹ́ síra wọn, Kóòṣì sì jẹ́ díákónì, kò lè fi tirẹ̀ pamọ́. Àwọn ará Dakota, tó kù ká bá gbá, ka àwa tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé pé bí fíìmù ìdíje àwa àtiwọn bá tún fi méjìlá hàn, gbogbo ìṣẹ́gun wa á di òfo.

Kóòṣì ronú ọjọ́ mẹ́ta. "Ẹ̀yin mẹ́wàá ló máa wọlé," ó ní. "Lyle á sọ yín di mọ́kànlá."

Sátidé, yìnyín ń bọ́. A wọlé ní mẹ́wàá. Mo ń tẹ́tí òsì, afẹ́fẹ́ nìkan ni mo gbọ́. Dakota gba mẹ́tàdínláàádọ́ta, àwa òdo. Pásítọ̀ Tollefson ò dúró parí ẹ̀; ó ti lọ kọ ìwé tó tú wa ká.

Síbẹ̀, ní Mọ́ńdè, a wo fíìmù, torí kò sẹ́ni tó mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń fi Mọ́ńdè ṣe. Bàbá Lyle wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kóòṣì kà wá: mẹ́wàá. Ó tún kà: mẹ́wàá. Ni fíìmù bá yí sí bẹ́ǹṣì. Lyle rèé, ó fi kúbùsù bora, ó jókòó ti Kóòṣì pẹ́kípẹ́kí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án létí.

Kóòṣì rọra fọwọ́ kan etí náà.

"Bàbá Lyle," ó ní, "kí ló dé tí kò wọlé?"

Bàbá náà wo ọmọ rẹ̀ títí fíìmù fi tán.

"Lyle ò fẹ́ràn kó máa gbá bọ́ọ̀lù nínú yìnyín," ó ní.