Ìkòkò Tí Kì í Jò

Ogójì ọjọ́ péré ni Hàníyyà ọmọ mi fún mi. Ó jókòó sórí ẹní ní àgbàlá wa ní àdúgbò Ladjifarani, ó nawọ́ sí bídọ̀ọ̀nù omi tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní:

"Bàbá, ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ṣì ń ru omi bí ìyàwó tí a gbé lánàá. Mò ń mú un lọ sọ́dọ̀ mi ní Ṣábẹ̀."

Mo fò sókè. Èmi Tìjáànì, tí mo fi ọgbọ̀n ọdún wa kámíọ̀ láti Kútọnu dé Màláńfílì, ọmọ tí mo bí ni yóò wá já ìyàwó gbà lọ́wọ́ mi?

"Ta ló ń mu omi náà?" ni mo pariwo. "Tẹ̀tẹ̀ ni!"

Òótọ́ ni. Àsánátù ìyàwó mi kò lè jẹ ọkà láìsí ẹ̀fọ́ tútù, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ebè tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ló sì ń mu ju ìdajì omi tó ń rù. Ni mo bá búra: láàárín ogójì ọjọ́, n ó gbin tẹ̀tẹ̀ tí kò ní fẹ́ omi rírù. Bí Àsánátù bá jẹ ẹ́, yóò máa bá mi gbé. Bí kò bá jẹ ẹ́, kí Hàníyyà máa mú un lọ.

Hàníyyà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Mo gbà," ni Hàníyyà wí.

Ọgbọ́n ti wà nílẹ̀. Kabir tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Zongo ti fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀: ọkùnrin kan ri ìkòkò amọ̀ mọ́lẹ̀ dé ọrùn, ó pọn omi kún un, ó dé e, ó gbin ẹ̀fọ́ yí i ká, ẹ̀fọ́ sì yọ bí igbó. Ohùn nìkan ni fóònù náà kò ní. Fóònù ẹni tó ń tún fóònù ṣe!

"Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?" ni mo bi í.

"Ìtutù, Bàbá," ni Kabir wí, kò tilẹ̀ ronú. "Omi á wà nínú ìkòkò, ìtutù rẹ̀ á máa wọ gbòǹgbò."

Mo lọ bá amọ̀kòkò kan lẹ́yìn ìlú. Ó ń fi igi yọ ìkòkò pípọ́n nínú iná. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ẹ̀rù bà mí kó má jí ọgbọ́n mi lò. Mo ní, "Omi mímu ni. Kò gbọdọ̀ jò. Kò gbọdọ̀ làágùn pàápàá!" Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi tí wọ́n fi se èèpo èso igi irú, ó dà á sára ìkòkò gbígbóná náà, ó hó ṣàà. Ó ní gbogbo ihò ara rẹ̀ ti dí. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ra mẹ́fà.

Mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ọrùn, mo pọn omi kún wọn, mo dé wọn, mo gbin tẹ̀tẹ̀ yí wọn ká. Mo fi búútà bomi rin irúgbìn náà títí ó fi hù. Nígbà tó hù, mo ju búútà nù, mo ní ó kù sọ́wọ́ ìkòkò.

Láràárọ̀ ni mò ń ṣí ìdérí. Ọjọ́ kẹta, omi kún. Ọjọ́ kẹwàá, omi kún! Mo pe àdúgbò. "Ẹ wá wò ó! Omi kò dín ní ìka kan!" Wọ́n wò, wọ́n mi orí, wọ́n ní orí àwọn awakọ̀ pé. Mo pe Àsánátù náà. Ó wá, ó fi èékánná kan ìkòkò kan, ó padà sídìí iná rẹ̀.

Tẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kabir ní ó ń gbààwẹ̀ ni. Tẹ̀tẹ̀ gbẹ. Kabir kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ní ogójì ọjọ́ géérégé, Hàníyyà dé pẹ̀lú táksì. Ó wo koríko gbígbẹ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì hú ìkòkò kan jáde. Iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun. Omi inú rẹ̀ sì kún, ó mọ́ rekete.

Àsánátù dúró lẹ́yìn mi. "Omi ló yẹ kó máa yọ́ lára rẹ̀, kí gbòǹgbò mu ún. Wọ́n ti dí i."

"O mọ̀?"

"Bàbá Hàníyyà, kí ni iṣẹ́ ìyá mi?"

Mo rántí. Amọ̀kòkò ni ìyá rẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà ìkòkò ìyá rẹ̀ ni mo ti fẹ́ Àsánátù.

"Èé ṣe tí o kò sọ?"

"Ẹ pè mí pé kí n wá wò ó. Ẹ kò pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀."

Ayọ̀ dé bá mi lójijì. Àṣìṣe ti hàn! "Ó dáa! Ọ̀la, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ bá amọ̀kòkò náà, wàá sọ fún un kó má da nǹkan kan sára ìkòkò. Hàníyyà, fún mi ní ogójì ọjọ́ sí i!"

"Hàníyyà kọ́ ló yẹ kí ẹ bi," ni Àsánátù wí.

Mo yíjú sí i. Mo bi í.

"Ó ti rẹ̀ mí," ló wí. Ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ́ńjìnnì táksì gbóná, awakọ̀ ń wá omi kiri. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ta ló lómi? Èmi ni. Omi ìkòkò méjì ni ọkọ̀ tó fẹ́ gbé ìyàwó mi lọ mu kó tó dáhùn.

Àsánátù yọ orí lójú fèrèsé. "Ẹ rí i pé ẹ jẹun."

Mo ní n ó jẹun. Ọkọ̀ ti yà sójú títì kí n tó rántí pé n kò mọ ibi tó ń fi iyọ̀ sí.