Eyín Síkírù, Ojú Aqeelah

Kò sí gẹdú tí wọ́n lè já sí sọ́mìlì tí yóò ba Síkírù onípákó lẹ́rù. Gbogbo àdúgbò Atikori ló mọ̀ ọ́n sí ọkùnrin ogun. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí Aqeelah ọmọ rẹ̀ tó na ìka sí ojú ara rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àyà rẹ̀ á já. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì fi di àríyànjiyàn nínú ilé wọn.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Aqeelah, òun sì ni kípà àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà. Bọ́ọ̀lù ti fọ́ jígí mọ́ ọn lójú lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sì bọ́ jígí sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á ti wọ àwọ̀n kí ó tó mọ̀ pé wọ́n ti gbá a. Ó wá ń bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́ǹsì, awò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú gan-an. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ará Òrù gbá ìdíje, olùkọ́ wọn sì ti ní òun kò lè fi ẹni tí kò ríran ṣọ́ gólì.

Wọ́n lọ bá dókítà ojú kan ní Àgó-Ìwòyè. Síkírù ti ń retí kí ó sọ pé ọmọ náà kéré, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Obìnrin náà kò tilẹ̀ bèèrè ọjọ́ orí.

"Alhaji, mo ti fún ọmọ tí kò tó èyí, mo sì ti dá ẹni tó ti lọ́kọ padà sílé," ó ní. "Ẹ lọ wò ó nílé. Ṣé ó máa ń fọ ọwọ́ láìjẹ́ pé ẹ pariwo? Ṣé ó ń rántí ohun tó yẹ kó ṣe lálaalẹ́? Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, ṣé yóò sọ ni, àbí yóò fi pa mọ́? Ìfipamọ́ yẹn ló ń fọ́ ọmọ lójú."

Síkírù ronú títí wọ́n fi délé. Eyín iwájú rẹ̀ ti yọ kúrò, eyín àtọwọ́dá ló fi dí àlàfo ibẹ̀. Dókítà eyín ti kìlọ̀ fún un pé kó máa bọ́ ọ lálẹ́, kó rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́. Kò ṣe é rí. Bó ṣe fi jẹun náà ló ṣe ń fi sùn.

"Aqeelah, eyín mi rèé," ó wí. "Máa gbà á lọ́wọ́ mi lálẹ́, fọ̀ ọ́, rẹ ẹ́ sómi, dé e, kó o gbé e fún mi lẹ́yìn ìrun àsùbá. Bí o bá lè tọ́jú eyín ẹlòmíràn, a ó mọ̀ pé o lè tọ́jú ojú ara rẹ."

Ìyàwó rẹ̀, Ìbíkẹ́, kàn rẹ́rìn-ín. Síkírù kò mọ̀ pé ara òun lòun dẹ tàkúté fún. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi mọ́. Bí ó bá ń tòògbé lórí àga, ọmọ á ti dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife pupa kan: "Bàbá, ẹ bọ́ eyín." Bí ó bá na ọwọ́ sẹ́nu, ọmọ á ní, "Ẹ fọ ọwọ́ yín ná."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá ni!"

"Lẹ́yìn àlùwàlá náà lẹ fi ọwọ́ yẹn bọ́ bàtà."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ gẹdú dé kí ilẹ̀ tó mọ́, Síkírù sì sáré lọ sí sọ́mìlì láìdúró de eyín. Gbogbo àárọ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fọn fèrè. Nígbà tó padà dé lọ́sàn-án, ebi ń pa á, òòrùn ti wọ̀ ọ́ lójú débi pé inú ilé ṣú fún un. Ìbíkẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù, Aqeelah wà ní pápá. Ife kan wà lórí tábìlì, omi tútù wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló máa rí omi tútù lọ́sàn-án tí kò ní rántí gààrí? Ó bu gààrí sí i, ó bu ṣúgà, ó sì fọ́n ẹ̀pà lé e.

Ẹ̀pà yìí ló rán an létí pé kò ní eyín tí yóò fi rún un. Ó dìde, ó wá ife pupa dé orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá a dé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, kò rí i. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

"Ó ti sọ ọ́ nù! Ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì parí!"

Ó fi ayọ̀ jókòó ti gààrí rẹ̀, ó gbé síbí kan dẹ́nu. Nǹkan líle kan kọlu èrìgì rẹ̀. Ó tu ú sọ́wọ́, ó wò ó sún mọ́ ojú. Eyín ara rẹ̀ ni. Ó wo ife. Pupa ni.

"Kí rèé?"

Ó kọ́kọ́ bínú. Ọmọ gbàgbé ife sórí tábìlì, kò sì dé e. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ìdajì ọ̀rọ̀, wọn yóò bi í léèrè ìdajì kejì.

"An á fi mí ṣẹ̀sín dé Òkè-Sópẹ́n," ó sọ fún ara rẹ̀.

Ó mu gààrí náà tán, nítorí èèwọ̀ ni kéèyàn da gààrí nù. Ó ṣan ife lóréfèé, ó bu omi sí i, ó dá eyín padà, ó fi ọmọrí dé e, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni rere.

Kò pẹ́ tí Aqeelah sáré wọlé, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wo ọ̀nà tábìlì kó tó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo pààrọ̀ omi eyín yín láàárọ̀, ni àwọn ọ̀rẹ́ mi bá pè mí, mo gbàgbé ife sórí tábìlì, mi ò dé e. Orí pápá ni mo ti rántí. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ra lẹ́ǹsì fún mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi eyín yẹn sẹ́nu. Eṣinṣin lè ti bà lé e. Ẹ jẹ́ kí n tún un fọ̀."

Omi ti lé sí ojú rẹ̀. Ọmọ náà dìde lọ sídìí ife, ó ṣí i.

"Bàbá, ta ló dé e? Ẹ̀pà wà nínú omi."

Ìbíkẹ́ wo ife, ó wo ọkọ rẹ̀. Gààrí wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Bàbá Aqeelah," ó wí, "dókítà ní ká wo ẹni tó máa sọ àti ẹni tó máa fi pa mọ́. Mo ti rí àwọn méjèèjì." Ẹ̀rín gbé e ṣánlẹ̀.

Ojú ti Síkírù, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà yìí ló ti ń bẹ̀rù ohun tí ìka ọmọ náà lè fi ojú rẹ̀ ṣe. Kò ronú rí pé ẹnu ọmọ náà, tí kì í fi àṣìṣe pa mọ́, ni yóò máa ṣọ́ ojú ọ̀hún. Ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ kún inú rẹ̀.

"Èmi ni mo mu gààrí," ó wí, afẹ́fẹ́ ń fọn láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a ó lọ sí Àgó-Ìwòyè. O ti tó ẹni tó lè fi lẹ́ǹsì sójú, ọmọ mi."

Aqeelah pariwo, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló fọ eyín mọ́, ó bu omi tuntun sí ife, ó gbé e wá. Síkírù na ọwọ́ láti mú un. Ọmọ náà fa ife sẹ́yìn.

"Ọwọ́ yín ńkọ́, Bàbá?"

Síkírù dìde, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.