Ìdọ̀bálẹ̀ Nínú Ẹ̀wù Irin

Iṣẹ́ tí Adéoyè ń ṣe ní yunifásítì Padova kò ṣeé ṣàlàyé fún àna. Dottorato, ìyẹn ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, ni wọ́n ń pè é. Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà, nínú ìtàn yẹn náà, eré ìjà àwọn ọmọ olóyè ló mú: àwọn gìrìpá tó ń wọ ẹ̀wù irin, tí wọ́n ń gun ẹṣin, tí wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ ti ara wọn ṣubú kí àwọn obìnrin lè pàtẹ́wọ́. Torneo ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Itálì. Ká má purọ́, ìpáǹle ni gbogbo wọn, kìkì pé bàbá wọn jẹ́ ẹni ńlá.

Ọmọ́ládé, nọ́ọ̀sì kan ní Torino, ló fẹ́ fẹ́. Bàbá ọmọbìnrin náà, Alàgbà Adélaní, tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní ọjà Porta Palazzo, kò fẹ́ gbọ́. Gbogbo ìgbà tí Adéoyè bá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ẹbí òun wá láti Ìbàdàn wá tọrọ ọmọ, ńṣe ni bàbá á dédé rántí pé òun fẹ́ to iṣu. Lọ́jọ́ kan, Adéoyè rò pé òun á fi ìmọ̀ rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó sọ ìtàn Boston fún un, ìlú ọjà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ṣe torneo láyé àtijọ́. Apá kan múra bí mọ́ǹkì, àwọn ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, apá kejì múra bí àlùfáà. Nígbà tí eré wọ̀ wọ́n lára tán, wọ́n dáná sun ọjà.

"Àwọn oníṣòwò ńkọ́?" ni bàbá béèrè.

"Ẹrù wọn jóná, sà."

"Kí ni ọba wá ṣe?"

"Wọ́n ní wọ́n yẹgi fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, sà."

"Ọ̀kan péré?" Alàgbà gbé àpò gàrí kalẹ̀. "Àwọn tó ń dáná sun ọjà lo wá ń tìtorí wọn kàwé, ìwọ náà lo sì fẹ́ fẹ́ ọmọ ọlọ́jà. Ó dàárọ̀ o."

Ọ̀sán gangan ni.

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Torino fẹ́ ṣe àjọ̀dún ayé àtijọ́ tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n ní ti Gẹ̀ẹ́sì làwọn fẹ́ ṣe lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì pe Adéoyè pé kó wá kọ òfin eré náà fún àwọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí òun náà wọ ẹ̀wù irin, fọ́tò rẹ̀ á dára nínú ìwé ìròyìn. Ó mọ ìdí tí fọ́tò tirẹ̀ fi máa dára ju ti àwọn yòókù lọ, àmọ́ ara rẹ̀ ti wà lọ́nà tipẹ́ láti wọ nǹkan náà, ó gbà. Ẹṣin kò sí. Comune, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní assicurazione, àwọn abánigbófò, kò gbà á. Ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi jà, pẹ̀lú idà tí kò lè gé bọ́tà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọmọ́ládé sọ fún bàbá rẹ̀ pé àyè wà níbẹ̀ láti ta puff-puff, bàbá sì gbé ìkòkò epo rẹ̀ wá. Ọmọ́ládé fẹ́ kí bàbá fojú ara rẹ̀ rí i bí àwọn ènìyàn ṣe ń bọ̀wọ̀ fún Adéoyè.

Alápatà ìlú náà ni wọ́n ní kó bá Adéoyè jà. Akoto irin tí wọ́n dé sí Adéoyè lórí ní ihò tóóró kan níwájú. Kò rí ju àyà ọ̀tá rẹ̀ lọ. Fèrè dún. Alápatà bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó gbá a léjìká, ó gbá a lórí, kò tilẹ̀ jẹ́ kó mí. Eré kọ́ lèyí, ọkùnrin yìí ní nǹkan nínú! Inú bí Adéoyè. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé idà, ó sì sọ ọ́ mọ́ ọn níbàdí, gbàù!

"Yéè! Mo gbé!" ni ohùn kan ké nínú irin. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Alápatà wo ní Itálì ló ń ké ní Yorùbá? Ohùn Alàgbà Adélaní ni.

Adéoyè kò ronú. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa, ara rẹ̀ kì í dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ. Ó ju idà nù, ó nà gbalaja sórí koríko, gbogbo irin ara rẹ̀ sì dún bí ìgbà tí ìkòkò já láti orí àjà.

"Ẹ má bínú, sà! Ẹ dárí jì mí, sà!"

Ọkùnrin kan tó ń ṣe akéde nìkan ló mọ ohun tó yẹ kó sọ, torí ó ti ka òfin tí Adéoyè kọ dáadáa. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó kígbe: "Prigioniero!" Àtẹ́wọ́ bolẹ̀.

Adéoyè fẹ́ dìde, ẹ̀wù irin kò gbà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí koríko, ẹ̀rù sì ń bà á gidi. Ẹni tó fi irin lu àna rẹ̀ ní gbangba, ta ni yóò fún un níyàwó? Ó ti pàdánù Ọmọ́ládé, ó sì dùn ún dé eegun.

Ọmọ́ládé sáré dé. "Papà, ma sei impazzito?" Ó ń béèrè bóyá orí bàbá ti dàrú ni.

"Ẹ̀yìn ló gan mọ́ alápatà níwájú puff-puff mi," ni bàbá wí, ó ń ṣí akoto, òógùn bò ó. "Mo ní kí n rọ́pò rẹ̀. Mo kàn fẹ́ na ọmọ yìí díẹ̀ ni." Ojú kò tì í rárá. "Kí ni ọkùnrin yẹn ń kígbe?"

Ọmọ́ládé, tí Italiano kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, fi Yorùbá dáhùn. "Ó ní ẹ ti mú un, Papà. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ẹni tó bá wólẹ̀ níwájú yín, tiyín ni, títí àwọn ẹbí rẹ̀ á fi wá rà á padà."

"Àwọn tó ń sun ọjà yẹn náà ni wọ́n ní irú òfin yìí?"

"Àwọn náà ni."

Bàbá rọra lóṣòó, ó ń kérora, ọwọ́ kan wà níbàdí rẹ̀.

"Adéoyè."

"Sà."

"Má dìde."

"Mi ò lè dìde, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Níwájú gbogbo òyìnbó wọ̀nyí, o dọ̀bálẹ̀. Wọ́n kọ́ ẹ nílé." Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Ìbàdàn, sà."

"Pè wọ́n. Sọ pé mo mú ọmọ wọn lójú ìjà. Kí tẹbí-tará wá bẹ̀ mí."

Adéoyè bú sẹ́kún nínú irin, kò sì sẹ́ni tó rí i. Bàbá ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ kan, ó ń fà á, kò gbéra.

"Ọmọ́ládé, kí lò ń wò?" ni bàbá wí. "Wá di apá kejì mú, ká gbé ọkọ rẹ dìde."